Ẹrọ̀fọ̀, Ilẹ̀ Àwọn Obìnrin

Ẹ má bú bíríkìlà mọ́. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ yín ní ìta, Fẹ́mi àti ẹ̀yin àbúrò rẹ̀, pé bíríkìlà jí sìmẹ́ńtì, pé kò gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn tó, pé òun ló jẹ́ kí ògiri ilé tuntun yẹn là láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Mo dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí a kò bá bi àgbà, bí ó bá sọ ọ́, àwáwí ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ Fẹ́mi ti wá bèèrè ní òwúrọ̀ yìí. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Omi ló kọ́kọ́ ni ín. Lẹ́yìn omi, àwọn obìnrin ló ni ín. Lẹ́yìn àwọn obìnrin, kòkó. Lẹ́yìn kòkó, kò wu ẹnikẹ́ni mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí i tà fún yín.

Ẹrọ̀fọ̀ ni a ń pè é. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rò pé orúkọ ẹ̀gbin ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ kò tíì pẹ́ tí ó dé, bí obìnrin bá ní òun ń lọ sí Ẹrọ̀fọ̀, ńṣe ni yóò gbé orí sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

Ẹ mọ bí òkè ṣe yí wa ká. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kò rí ibi wọlé sí; yóò kó ara rẹ̀ jọ, yóò sì máa ya bọ̀ wálẹ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ ó máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lára òkè bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú igbá tí kì í kún. Ibi tó tẹ̀ kòtò bí àwo ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè méjì tí omi yìí máa ń já sí. Amọ̀ ni ìdí àwo náà, amọ̀ dúdú tó ki pọ̀ débi pé omi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí omi ì bá ti rí ọ̀nà jáde lọ sínú odò, àpáta kan nà gbọọrọ síbẹ̀ bí ètè ìkòkò. Òun ló ká omi mọ́. Láti ìgbà tí òjò bá ti mú dáadáa títí dé ìgbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, adágún ni ibẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ ló ń jọba. Ènìyàn méjì tó bá dúró létí rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, wọn yóò pariwo rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò ní ibi tó ń lọ, oòrùn ló ń mu ún. Bí ó ṣe ń fà ni yóò máa fi ẹrẹ̀ tuntun sílẹ̀, ẹrẹ̀ tó ti kó ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹyẹ láti orí òkè wá, tó ń dán bí ara ẹja àrọ̀. Gbogbo ebè tí a kọ ní èṣín ti wó, gbogbo ààlà ti parẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn: lọ́dọọdún ni omi ń pa ààlà rẹ́, nítorí náà kò sí obìnrin tó lè dúró níbì kan kí ó ní, ibí ni tèmi títí láé.

Àwọn ọkùnrin kò ka ibẹ̀ sí. Ilẹ̀ ìdílé bàbá mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin Ìdànrè fẹ́ fi ilẹ̀ tí kòkó kò lè hù lórí rẹ̀ ṣe? Wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé bí ẹni sọ egungun sílẹ̀ fún ajá. Àwọn obìnrin fọ́ egungun náà, wọ́n rí mùdùnmúdùn nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pín in ni a ń pè ní Ìtẹrẹ̀. Ìyá Olú ló dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n ti gbé e níyàwó, kí gbogbo ìlú tó ṣí kalẹ̀, ó sì máa ń sọ pé àwọn obìnrin tí wọ́n gbé níyàwó ní ìsàlẹ̀ kò ní itan, nítorí wọn kò gun òkè rí kí wọ́n tó jẹun. Òun ni yóò ká aṣọ rẹ̀ sókè, yóò wọnú ẹrẹ̀ láti etí, yóò sì máa rìn lọ. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò dúró, tí yóò ní, "Ó di ibí." Ibẹ̀ ni ààlà ọdún náà, kò sẹ́ni tí í gbin nǹkan kọjá rẹ̀. Àwọn yòókù á tò tẹ̀ lé e, ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Opó ló ń kọ́kọ́ mú. Bí obìnrin bá dé ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ́ ọkọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lọ síbòmíràn mọ́. Ẹni tó bá ṣubú kí ó tó mú tirẹ̀, ìgbẹ̀yìn gbogbo wọn ni yóò mú.

Ní ọdún kan, èmi ni mo ba ti ìyá mi jẹ́. Mo fẹ́ fo kọjá ibi kan tó ń dán, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wọlé dé itan. Bí mo ṣe ń fà á ni ẹrẹ̀ ń fà mí. Ìyá mi gbá mi mú lábíyá, ó tiraka, ẹrẹ̀ sì tú mi sílẹ̀ lójijì, pọ̀ṣọ̀ọ̀, tí èmi àti òun jọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ìró mi ṣẹ́kù sínú ihò.

"Ìyá Akin," Ìyá Olú pè é, "a ò tíì gbin ẹ̀fọ́, ìwọ ti gbin ọmọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, kò tíì hù," ni ìyá mi dáhùn láti inú ẹrẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ọyẹ́ bá mú, a ó ká ọkọ lórí rẹ̀."

Èdè Ìdànrè gidi ni wọ́n fi sọ ọ́ o. Èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá ilé ìwé fún yín, nítorí bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ ó máa wo ẹnu mi bí ẹni ń wo mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan jókòó sínú ẹrẹ̀ fúnra wọn. Ìyá mi mú ìgbẹ̀yìn lọ́dún náà, létí àpáta níbi tí amọ̀ ti fẹ́lẹ́. Kò bú mi, kò sì sí ẹni tó bá a du ohunkóhun. Lónìí, ẹ ri òpó kọnkéré mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ yín, síbẹ̀ kọ́ọ̀tù ni ẹ ti ń kí ara yín.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Amọ̀ kì í dúró de ènìyàn. Bí ó bá tutù jù, yóò lẹ̀ mọ́ ọkọ́ títí ọkọ́ yóò fi wúwo ju ẹni tó gbé e lọ. Bí ó bá gbẹ jù, òkúta ni. Ìyá mi á bu díẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i gbọọrọ bí òwú àtùpà, á wá ká a mọ́ ìka. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn níka, ó ní ká padà sílé. Bí ó bá kán, a ti pẹ́ jù. Bí ó bá ká, tí ó sì tú láìfi àbàwọ́n sílẹ̀, iṣẹ́ yá nìyẹn, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọjà, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọdún. A ó kọ ebè gíga kí gbòǹgbò má bàa rì, omi tó kù yóò sì máa sùn sínú poro. Inú poro yẹn ni a ti ń mú ẹja àrọ̀ tó ti sin ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń wá a. Bí nǹkan bá ta ọ́ lẹ́sẹ̀, ké "yéè", kí o sì yọ̀, o ti rí ọbẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti sọ gbogbo ìlú di eruku, tí ewé ara òkè ti pọ́n, Ẹrọ̀fọ̀ á máa tutù yọ̀yọ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ata, elégédé tó nà káàkiri bí ẹni tí kò nílé. Wọ́n ń ti Owena wá rà á. Ní àsìkò yẹn, obìnrin ló ń bọ́ ilé, ọkùnrin ló ń dọ́gbọ́n bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: gbogbo ohun tí ìyá mi ní nínú ayé, ọwọ́ bàbá mi ló ti gbà á, àfi ohun tó hù ní Ẹrọ̀fọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni kò ti ní láti kúnlẹ̀ kí ó tó mú nǹkan.

Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yẹ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ràn kí ìtàn ní ọ̀dájú kan tí ẹ ó máa bínú sí. Òṣìṣẹ́ ni, kì í mutí, kì í na ìyàwó. Ṣùgbọ́n kòkó ni ọba nígbà yẹn. Kòkó ló ń kan páànù sórí ilé, kòkó ló ń ra kẹ̀kẹ́, kòkó ló ń sọ ẹni tí wọ́n ń pè ní lágbájá di ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ọkùnrin tí oko kòkó rẹ̀ kò bá fẹ̀ sí i, ńṣe ló dà bíi pé ó ń kéré sí i. Àwọn igi bàbá mi tó wà lẹ́bàá òkè ti ń gbó. Nígbà ọyẹ́ kan, ó dúró láàárín wọn, ewé wọn ká jọ bí etí ajá tó ń ṣàìsàn, ó sì bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí Ẹrọ̀fọ̀ tó tutù.

Ó gbin ọmọ kòkó díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè ìyá mi. Ní gbogbo ọyẹ́, wọ́n ń dán. Ó ń mú àwọn ará ilé lọ wò wọ́n bí ẹni ń fi ìyàwó tuntun hàn. Òjò dé, omi bò wọ́n, wọ́n sì jẹrà. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ilẹ̀ yìí kò fẹ́ kòkó. Ohun tí bàbá mi rí kọ́ ni pé omi ló ṣẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀sán tí ó bá ìyá mi sọ ọ́. Ìyá mi ń gé ilá.

"Ìyá Akin, omi yẹn ń fi ìyà jẹ yín. Ẹ wo bí ọdún ṣe gùn tó, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ lẹ fi ń jẹun níbẹ̀."

"Ìgbà tó bá gbẹ ni tiwa, Bàbá Akin."

"Bí a bá fi iná la àpáta yẹn lẹ́nu kí omi máa lọ, ẹ ó máa gbin ẹ̀fọ́ yípo ọdún. Àárín ni kí ẹ fún mi fún kòkó. Etí gbogbo, tiyín ni."

"Omi ló ń gbé ẹrẹ̀ wá."

"Ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó yín? Ẹ ti wà á kan ìdí rí?"

Ọ̀bẹ ìyá mi dúró lórí ilá. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ọkọ ló bà á. Mo rí ojú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ ìgbà òjò ló ń wò, ebè tí kì í wó, oko tí kò ní rì mọ́ láé.

Àwọn obìnrin pàdé ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Olú. Ìyá Olú bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Bí kò bá dára, ta ni yóò dí i padà?"

"Àwa náà ni, Ìyá," ni ìyá mi sọ. "Amọ̀ kò wọ́n wa. A ó fi amọ̀ dí i."

"Ohun tí iná bá là, amọ̀ kì í mú un."

Ìyàwó kékeré kan, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ní, "Ìyá, ẹ̀yin kì í fẹ́ kí nǹkan yí padà. Ṣé kí a kó ẹrù wa padà sórí òkè ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Olú náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ? Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni wàá ti máa pe ìyá rẹ." Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, ẹnu ìyá mi ni wọ́n ń wò, nítorí òun ni ìyàwó ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ìyá mi ní kí wọ́n gbà. Wọ́n gbà.

Ràímì ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná la àpáta. Ará ìhà Ìkìrun ni, Ọ̀yọ́ ni àwa ń pe gbogbo irú wọn, mùsùlùmí, ó ń bá bàbá mi ṣe oko kòkó, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti bá àwọn tó ń la ọ̀nà mọ́tò fọ́ òkúta. Wọ́n dúró di ìgbà tí omi fà kúrò lórí àpáta, tí ó ṣì kún inú àwo. Àwọn ọkùnrin to igi gbígbẹ jọ sórí ètè àpáta náà bí ẹni to àká, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́. Nígbà tí igi ti di ẹ̀yinná, tí àpáta ti gbóná débi pé afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n lórí rẹ̀, Ràímì dojú kọ àwọn obìnrin.

"Ẹ̀yin ìyá mi, tí mo bá ti ní 'Omi!', kí ẹnikẹ́ni má dúró tún gèlè wé o. Àpáta ò mọ ológe."

"Ẹ gbọ́ Ọ̀yọ́!" ni ìyàwó kékeré náà sọ. "Ó ń pàṣẹ fún wa bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo wa."

"Tó bá jẹ́ ìyàwó mi ni yín, omi ì bá ti dé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo ni ẹ rò pé a ti pọn omi náà? Inú Ẹrọ̀fọ̀ ni. Nínú rẹ̀ gan-an ni àwọn obìnrin ti ri ìkòkò wọn bọ omi, tí wọ́n gbé e lérí, tí wọ́n gun àpáta, tí wọ́n dà á sórí ohun tó ń ká omi náà mọ́. Èmi náà gbé agbè kékeré. Ìyá mi gbé ìkòkò tó tóbi jù. Omi kan àpáta, èéfín funfun bò wá, a kò rí ara wa mọ́. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ, gbàù, bí ìbọn ọdẹ, àwọn ọmọdé sì hó yè. Wọ́n fi irin kó èyí tó là kúrò, wọ́n tún to igi, a tún pọn omi. Àwọn obìnrin ń kọrin. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa da omi síwájú, ilẹ̀ gbígbóná ni a tẹ̀.

Nígbà tó yá, omi rí ojú. Ó kọ́kọ́ ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìtọ̀ ọmọ, lẹ́yìn náà ó fipá ya, ó sì ń bú lọ sínú odò. Ẹja ṣẹ́kù sílẹ̀, ó ń ta pútúpútú, ẹni tí kò mú ẹja rí náà kún igbá. Gbogbo ilé jẹ ẹja títí ó fi sú wọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú wa dùn lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fipá gba Ẹrọ̀fọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni, ì bá rọrùn fún mi láti sọ. Ìyá Olú kò pọn omi, kò sì ṣa ẹja. Ó dúró létí ibi tó là, ó ń wo omi tó ń lọ, ó ní, "Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn." Ó lọ sílé.

Ọdún àkọ́kọ́ dára, àbí n óò purọ́? Ọ̀rinrin tó wà nínú amọ̀ kò tíì tán. Bàbá mi gbin kòkó sí àárín, ìyá mi àti àwọn yòókù gbin ẹ̀fọ́ yí i ká. Kò sí Ìtẹrẹ̀, nítorí omi kò wá pa ààlà rẹ́ mọ́. Ibi tí kálukú mú ni ó di tirẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí àwọn obìnrin méjì tó ti jọ ń ṣubú sínú ẹrẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ń bú ìyá ara wọn nítorí poro kan.

Òjò wá dé. Omi orí ilẹ̀ bá ibi tó là jáde lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wọ inú amọ̀ kò lọ síbì kankan. Kò sí bí a ti ṣe ebòlò tí kò ní í rùn igbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí a ti la ẹnu amọ̀ tí kò ní jẹ́ amọ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn nígbà òjò pọ́n láti ìdí, gbòǹgbò rẹ̀ ń rùn. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, kò sí adágún tó ń fà díẹ̀díẹ̀ mọ́, kò sí ẹrẹ̀ tuntun. Ilẹ̀ náà sún kì. Ó là. Kì í ṣe bí ẹsẹ̀ ṣe ń là. Ó là débi pé ọmọ ewúrẹ́ Ìyá Olú ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ náà sì ṣẹ́. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ ní ọ̀sán, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń là, tá, tá, bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ràímì hú ọmọ kòkó kan tó ti pọ́n, ó gbé e fún bàbá mi wò. Gbòǹgbò rẹ̀ ti já sí méjì, bí okùn tí ènìyàn méjì ń fà.

"Bàbá," ni ó wí, "ilẹ̀ ló fà á já."

Bàbá mi ní kí ó lọ gbin òmíràn sí i. Ọdún mìíràn, wọ́n tún gbìn ín. Ilẹ̀ tún fà á já. Ohun tó ń ṣe ilé Fẹ́mi náà nìyẹn: ilẹ̀ yẹn ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì bèèrè bóyá kòkó ló wà lórí òun tàbí búlọ́ọ̀kù.

Àwọn obìnrin gbìyànjú láti dí i. Ìyá mi ló ṣáájú, nítorí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wò. Wọ́n gbé òkúta, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun àárín rẹ̀, wọ́n po amọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni ń mọ ilé. Ìyá Olú, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ru amọ̀ bíi tiwọn. Kò sọ pé "mo sọ fún yín." Ì bá sàn kí ó sọ ọ́. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó ti orí òkè ya bọ̀ gbá gbogbo rẹ̀ lọ kí a tó jẹun tán. Wọ́n tún un mọ. Ó tún lọ. Ibi tí iná gbà kọjá lára àpáta náà dán, kò sí ohun tí amọ̀ lè dì mú níbẹ̀. Àwọn tó wá kí wa ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Irọ́ ni. Agbè gan-an ni a fọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú ká. Àwọn ìyàwó kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà kiri. Àwọn àgbà jókòó sílé. Ìyá mi tí wọ́n ti ń ti Owena wá bá, ó di ẹni tó ń fọ́ kòkó ní oko ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá òkè, pẹ̀lú àwọn alágbàṣe, tí ó ń dúró kí wọ́n tó sọ fún un ìgbà tí yóò lọ sílé. Ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ìgbà tí amọ̀ yá kò mọ nǹkan kan lára kòkó. Wọ́n ní ó ń pẹ́ jù.

Nígbà tí kòkó Ẹrọ̀fọ̀ ti kú tán, tí igbó bò ó, bàbá mi ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin. Àwọn tó ṣẹ́kù wá. Ó gbé ìgò ọtí ṣìnáàpù lọ́wọ́, ó wọ agbádá, ó dúró létí Ẹrọ̀fọ̀, ó ta ọtí sílẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn bàbá òun ló fi ilẹ̀ náà fún àwọn ìyàwó ilé. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ lẹ́yìn òun pé òun gba ilẹ̀ obìnrin. Ó ní, "Mo dá a padà fún yín lónìí."

Kò sí ẹni tó dúpẹ́. Ilẹ̀ náà gbẹ níwájú wọn, ó là yẹ́yẹ́. Ìyàwó kékeré tí ẹnu rẹ̀ mú yẹn, ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá mi, tó gba ọ̀rọ̀ náà sọ fún ọkọ rẹ̀ níjọ́sí, òun náà ló bọ́ síwájú. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

"Bàbá Akin, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e sí ibi tí ẹ ti mú un."

Ó dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó ń lọ sílé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Bàbá mi nìkan ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi se ọbẹ̀ láìfi ewé kan sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀. Bàbá mi wo inú àwo, ó sì jẹun. Kò bèèrè ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí àbúrò mi méjì sí i, wọ́n kọ́ ilé sí i, wọn kò jà. Àmọ́ láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò bèèrè ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, nígbà tí mo jókòó ti ìyá mi, tí mo rò pé ẹkún ọkọ ló ń sun, ó ní, "Ì bá bèèrè lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé oúnjẹ fún un ni mo ń dúró. Mo ti pa èsì mọ́ fún un."

Mo ní, "Màmá, kí ni ẹ fẹ́ sọ?"

Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí mo pa á mọ́ fún ti lọ. Kì í ṣe tìrẹ."